Ẹgbẹ́ Olórin Mẹ́fà, Pọ́n-ùn Mẹ́rin

Bí ẹ bá rí obìnrin tó ń kọrin sí ẹ̀wà lórí iná kí ó lè tètè jiná, Fẹ́yìsayọ̀ ni. Ó ń kọrin sí ẹ̀wà, ó ń kọrin sí kòkó tó sá sórí ẹní, ó ń kọrin sí ọmọ tí kò fẹ́ wẹ̀. Ní Odode, ní ìsàlẹ̀ òkè, gbogbo ènìyàn mọ̀ pé bí ilé Ìyá Tóyìn bá dákẹ́, àfi kí wọ́n lọ wò ó bóyá ara rẹ̀ kò yá. Olútóyìn ni àkọ́bí rẹ̀, ó ti relé ọkọ ní Aládé, orúkọ ọmọ náà ni wọ́n fi ń pe ìyá rẹ̀.

Lọ́dún 1954, owó kòkó gòkè bí ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn Òkè Ìdànrè, tí kò sì dúró sinmi lójú ọ̀nà. Ẹni tí kò ní kẹ̀kẹ́ tẹ́lẹ̀ ra kẹ̀kẹ́. Ẹni tó ní kẹ̀kẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ fún ìyàwó rẹ̀. Ògúndípẹ̀, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, tó tún jẹ́ alága ìgbìmọ̀ ìlú, ra gíráàmù kan, ẹ̀rọ tó ń kọrin láti inú àwo, tí ẹnu rẹ̀ là bí òdòdó elégédé. Láti ọjọ́ náà ni ọkùnrin yìí kò ti ní ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu mọ́.

Wàyí o, ìgbìmọ̀ ìlú fẹ́ kí Ìdànrè ní ọjọ́ orin kan lọ́dọọdún. Wọ́n fi í sí Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù kìn-ín-ní, nígbà tí wọ́n bá ti ká kòkó tán, tí ara tu àgbẹ̀, tí àwọn lébìrà tó wá láti ìlú òkèèrè kò sì tíì padà sílé. Pápá iléèwé ni wọ́n máa lò. Àpò ìgbìmọ̀ ni kò ní nǹkan nínú, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kan páànù sórí ilé ìgbẹ̀bí tán. Pọ́n-ùn mẹ́rin péré ló kù.

“Pọ́n-ùn mẹ́rin kò lè pe olórin,” Ògúndípẹ̀ wí ní ìpàdé. “Ẹ jẹ́ kí n gbé gíráàmù mi wá. Kò jẹun, kò mutí, kò sì bá ìyàwó oníyàwó sọ̀rọ̀.”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Fẹ́yìsayọ̀ dìde lẹ́yìn níbi táwọn obìnrin jókòó sí.

“Alága, ẹ má bínú o. Bí a bá dá orin, ṣé ó máa gbè é?”

“Kí ló máa gbè é?”

“Gíráàmù yín. Bí mo bá pe orin sí i, ṣé ó máa dá mi lóhùn, àbí tẹnu rẹ̀ nìkan ló gbọ́?”

Àwọn obìnrin pariwo. Kì í ṣe àwàdà ni Fẹ́yìsayọ̀ ń ṣe o. Lórí Òkè Ìdànrè ni wọ́n bí i sí, kí ìlú tó sọ̀ kalẹ̀ wá sí Odode. Ìyá rẹ̀ a máa dá orin láàárọ̀ nígbà tó bá ń gbálẹ̀, obìnrin kejì a gbè é láti ilé kejì, ẹ̀kẹta a gbà á, títí orin yóò fi yí gbogbo òkè ká, tí àpáta náà yóò sì gbè é lẹ́yìn gbogbo wọn. Lásìkò yìí, àwọn ọmọ Odode ti bẹ̀rẹ̀ sí í péjọ sẹ́nu ọ̀nà Ògúndípẹ̀, wọ́n á ya ẹnu sílẹ̀, wọn kò ní kọ nǹkan kan. Ohun tó ń dun obìnrin náà nìyẹn. Ìlú tó bá ń gbọ́ orin tí kò kọrin, lójú tirẹ̀, ó ti ń ṣàìsàn.

“Ó dáa,” Ògúndípẹ̀ wí, ó fi ọwọ́ ti fìlà rẹ̀ sẹ́yìn. “Ìyá Tóyìn, gba pọ́n-ùn mẹ́rin yìí. Bí o bá rí ẹgbẹ́ olórin méjì, kí wọ́n kọrin ní pápá láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́, kí ẹnikẹ́ni má bi ìgbìmọ̀ léèrè owó, ọjọ́ orin di tìrẹ láti ọdún yìí lọ. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, tèmi ni. Lọ́dọọdún ni gíráàmù á máa kọ.”

“Mo gbà,” Fẹ́yìsayọ̀ wí kí ẹnikẹ́ni tó lè fa ìró rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ fa ìró náà, tí kò yá tó, ni Fàsílátù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ará Ìwó ni, ọkọ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko, òun náà ń se ọṣẹ dúdú tà.

“Ẹnu rẹ yìí ni yóò pa ọ́,” Fàsílátù wí bí wọ́n ṣe ń lọ sílé.

“Ẹnu mi ló ń bọ́ mi. Báwo ni yóò ṣe tún pa mí?”

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, àwọn méjèèjì wọ mọ́tò akẹ́rù lọ sí Oǹdó lọ́dọ̀ Dúrójaiyé, olórí ẹgbẹ́ jùjú kan. Ọkùnrin náà wọ awò ojú dúdú jókòó nínú yàrá tí kò sí oòrùn, ó gbé gìtá sórí itan bí ẹni gbé ọmọ.

“Pọ́n-ùn mẹ́wàá,” ó wí.

“Mẹ́wàá!” Fàsílátù pariwo. “Ṣé o máa fi gìtá náà sílẹ̀ fún wa ni?”

“Màmá, ṣé Ìdànrè kọ́ lẹ ti wá? Wọ́n ní kòkó lẹ fi ń dáná níbẹ̀.”

“Àwọn tó ń fi í dáná kò sí nínú ìgbìmọ̀ tiwa, ọmọ mi,” Fẹ́yìsayọ̀ wí. “Gbọ́ ná. Ṣé o ti kọrin láàárín òkúta rí? Bí o bá kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ní Ìdànrè, òkè á kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ààbọ̀ iṣẹ́ ni wàá ṣe, odindi orúkọ ni wàá gbà.”

Dúrójaiyé rẹ́rìn-ín títí awò fi yọ̀ sí i létí imú. Wọ́n ná an, wọ́n ná an. Fẹ́yìsayọ̀ kọ orin fún un, Dúrójaiyé fi gìtá tẹ̀ lé e. Nígbà tí orin náà parí, owó náà ti sọ̀ kalẹ̀ dé pọ́n-ùn méjì, pẹ̀lú iyán àti ẹmu tó tutù.

Fẹ́yìsayọ̀ kò fẹ́ fọwọ́ kan pọ́n-ùn mẹ́rin náà kí ọjọ́ tó pé, ṣùgbọ́n ó ní igi obì lẹ́yìn ilé. Obì àbàtà mẹ́rin ló yọ nínú gèlè rẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí olórin bá ti jẹ obì tí ẹ fi pè é, ó ti gba iṣẹ́ nìyẹn, kò sí ìwé tí ẹ tún ń kọ. Dúrójaiyé pa ọ̀kan, ó jẹ ẹ́ ní ìṣojú wọn.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, bí mọ́tò ṣe kọjá afárá, Fàsílátù fi ìgbọ̀nwọ́ gún un.

“O rí eyín tó fi jẹ obì yẹn? Eyín yẹn náà ló jẹ obì àwọn kan tó ń ṣe ìsìnkú lọ́dún tó kọjá. Wọ́n ti sin òkú náà tán, wọ́n ṣì ń retí rẹ̀.”

Ọ̀rọ̀ wọ Fẹ́yìsayọ̀ lára. Òótọ́ sì ni. Àwọn olórin ìgbà náà a máa jẹ obì ìlú mẹ́ta fún ọjọ́ kan ṣoṣo. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á gba ibi tí òórùn ọbẹ̀ bá ti ń dùn jù. Gbogbo wa la mọ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá ń wá ẹgbẹ́ kan fi máa ń pe méjì. Fẹ́yìsayọ̀ tó ń wá méjì, ẹ̀rù gíráàmù ń bà á, ó pe mẹ́fà. “Nínú mẹ́fà, méjì á wá,” ó wí. Ìṣirò tirẹ̀ nìyẹn, kò sì kọ́ ju ìwé kìíní lọ. Ó fi obì ránṣẹ́ sí àwọn alágídìgbo ní Àkúrẹ́, sí àwọn afọnfèrè ìjọ Aládùúrà ní Ọ̀wọ̀, sí ẹgbẹ́ onílù kónkómà kan ní Òkè-Igbó, sí àwọn obìnrin akọrin Ilé-Olújì. Ó tún fi rán Fàsílátù sí ọmọ ìlú rẹ̀ Mọ́nsúrù, lébìrà kan nínú oko ní Aládé, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ sákárà bí iṣẹ́ bá tán. Kí ìpè náà lè dùn, ó ní kí gbogbo oníṣẹ́ òun dárúkọ àwọn márùn-ún yòókù.

Ibi tí ó ti ṣì í ṣe nìyẹn.

Lọ́jọ́ Sátidé náà, ọyẹ́ bo òkè bí aṣọ funfun. Mọ́nsúrù àti àwọn èèyàn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi rìn wá láti Aládé. Fẹ́yìsayọ̀ jó pàdé wọn. Mọ́tò Oǹdó dé, Dúrójaiyé bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú awò dúdú rẹ̀ nínú ọyẹ́.

“Méjì ti pé!” Fẹ́yìsayọ̀ pariwo, ó dì mọ́ Fàsílátù. “Mo ní kí ni? Mo ní kí ni?”

Ó ṣì dì mọ́ ọn nígbà tí mọ́tò Àkúrẹ́ dé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kò burú, ayọ̀ kì í pọ̀ jù. Àwọn afọnfèrè Ọ̀wọ̀ dé nínú aṣọ funfun, wọ́n ń fọn fèrè bọ̀ láti orígun ọ̀nà. Ẹ̀rín rẹ̀ ń kéré. Nígbà tí àwọn obìnrin Ilé-Olújì bọ́ sílẹ̀, tí kónkómà sì tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn nínú mọ́tò kan náà, kò sí ẹ̀rín mọ́.

Ògúndípẹ̀ wà nídìí ọ̀dán, ó fi ìka kà wọ́n.

“Ìyá Tóyìn, méjì ni mo ní. Mo ti ka mẹ́fà o. Ṣé wàá tún kó Èkó wá ni?”

Fẹ́yìsayọ̀ fa Dúrójaiyé sẹ́gbẹ̀ẹ́. “Ọmọ mi, kí ló ṣe ẹ́ tí o wá lóòótọ́?”

“Ẹ̀yin lẹ ní àwọn alágídìgbo Àkúrẹ́ ń bọ̀. Ṣé kí n jókòó sílé, kí wọ́n máa sọ pé ẹ̀rù wọn bà mí ni?”

Ó bi àwọn ará Àkúrẹ́, wọ́n ní torí Dúrójaiyé ni. Ó bi kónkómà, wọ́n ní àwọn kò lè jẹ́ kí obìnrin Ilé-Olújì nìkan gba ìyìn. Gbogbo wọn ló jẹ obì, gbogbo wọn ló sì ń retí pọ́n-ùn méjì-méjì. Pọ́n-ùn méjìlá nìyẹn. Mẹ́rin ló wà ní etí ìró rẹ̀.

Kò sí ẹni tó tú irinṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò. Olórí kónkómà, ọkùnrin kúkúrú kan, ti bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Ó rọra kọ ọ́ bí ẹni tó ń dán ohùn wò:

Òkè wọn ga, òkè wọn ga,
àpò wọn kò jìn…

Àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ gbè é. Fẹ́yìsayọ̀ mọ ibi tí ìyẹn ń lọ. Bí wọ́n bá gbé orin yẹn dé Oǹdó, Ìdànrè kò ní tún lè lọ ọjà ìlú kankan láìsí pé wọ́n ń kọ ọ́ sí i létí. Ògúndípẹ̀ ti ń rán èèyàn lọ gbé gíráàmù wá.

Fẹ́yìsayọ̀ bọ́ sẹ́yìn iléèwé, ó jókòó lórí òkúta. Fàsílátù bá a níbẹ̀.

“Ṣé o ń sunkún ni?”

“Mo ń ronú. Ojú mi ló ń ṣe tirẹ̀.” Ó nu ojú. “Fàsílátù, nígbà tí a wà lókè, bí èèyàn bá gbé orin wá sẹ́nu ọ̀nà ẹ láàárọ̀, tó sì pe orúkọ baba rẹ, ṣé o lè jẹ́ kó padà lọ́wọ́ òfo?”

“Èmi kò gbé òkè rí. Ṣùgbọ́n ní Ìwó, èèwọ̀ ni.”

“Ṣùgbọ́n àwọn àlejò yìí kò mọ orúkọ baba ẹnikẹ́ni níbí.”

“Ta ló mọ̀ ọ́n?”

Fẹ́yìsayọ̀ na ìka sí àyà ara rẹ̀, ó dìde. Ó padà sí pápá, ó kúnlẹ̀ sáàárín ẹgbẹ́ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

“Ẹ̀yin ọmọ mi, mo purọ́ fún yín. Owó ẹgbẹ́ méjì ni mo ní, mo pe mẹ́fà torí mo rò pé ọ̀dàlẹ̀ ni yín. Ẹ foríjì mí.”

“Ọ̀dàlẹ̀ kẹ̀!” Dúrójaiyé wí, ó bọ́ awò rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́.

“Ìwọ dákẹ́, a mọ ìtàn rẹ,” Fàsílátù wí. Àwọn ará Àkúrẹ́ rẹ́rìn-ín.

“Pọ́n-ùn mẹ́rin yìí á san owó mọ́tò tí ẹ máa fi padà,” Fẹ́yìsayọ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. “Owó iṣẹ́ yín wà lẹ́nu ọ̀nà ilé mẹ́fà ní Odode. Ilé kan fún ẹgbẹ́ kan. Màá fún yín ní orúkọ àwọn baba wọn àti ohun tí wọ́n fi ń kì wọ́n. Bí ẹ bá ṣe é tí wọn kò bá náwó fún yín, ẹ máa kọ orin èébú yín lọ. Èmi fúnra mi á gbè é.”

Mọ́nsúrù ló kọ́kọ́ gbé sákárà rẹ̀.

“Màmá, ẹ kọ́ mi.”

Ilé Olúṣẹ̀yẹ ni ó mú un lọ, ahun ńlá kan tó jẹ́ pé bí ó bá yọ ọwọ́ lápò, ìka rẹ̀ nìkan ló máa ń jáde. Fẹ́yìsayọ̀ sọ ọ́ sí Mọ́nsúrù létí, Mọ́nsúrù fi ohùn oníyọ̀ rẹ̀ gbé e:

Olúṣẹ̀yẹ, ọmọ Adégòkè,
ọmọ ẹni tó gbé òpó ilé gun òkè,
kò sọ̀ ọ́ lójú ọ̀nà,
kò ní kí ará ilé ran òun lọ́wọ́…

Olúṣẹ̀yẹ yọ pẹ̀lú orín lẹ́nu. Ó fẹ́ lé wọn. Ó gbọ́ orúkọ baba rẹ̀. Orín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

“Ta ló sọ ìtàn òpó yẹn fún ọ?”

Mọ́nsúrù ń kọrin rẹ̀ lọ. Àwọn ìyàwó ilé ti jáde, wọ́n ń gbè é. Olúṣẹ̀yẹ wọlé, gbogbo ènìyàn rò pé ó sá ni. Nígbà tó máa jáde, ìwé ṣílè mẹ́wàá ló mú dání. Ó tutọ́ sí i, ó fi lẹ Mọ́nsúrù níwájú orí. Ó tún fi òmíràn lé e. Ìyàwó rẹ̀ àgbà di òpó mú kó má baà ṣubú.

“Ẹgbẹ́ wa nìyí!” Olúṣẹ̀yẹ pariwo sí ìgboro. “Ẹgbẹ́ ilé Adégòkè nìyí! Ẹ gún iyán!”

Ẹ mọ ìlú wa. Ọ̀rọ̀ kì í rin ilẹ̀ níbẹ̀, orí òrùlé ló ń gbà. Kí Fẹ́yìsayọ̀ tó mú agídìgbo dé ilé kejì, wọ́n ti ń dúró dè é lójúde. Obìnrin kan ń bá ọkọ rẹ̀ jà pé: “Ilé Olúṣẹ̀yẹ ti ní tiwọn o! Àwa ńkọ́? Ṣé òkú ni wá?” Ní ilé kẹta, ewúrẹ́ ni wọ́n fà fún àwọn afọnfèrè Ọ̀wọ̀. Ní ilé karùn-ún, àwọn obìnrin Ilé-Olújì kọ orúkọ ìyá àgbà kan tó ti kú láti ogún ọdún, gbogbo agbo ilé náà ń sunkún, wọ́n ń jó, wọ́n sì ń náwó, ohun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Fẹ́yìsayọ̀ ń sáré láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń dá orúkọ sí wọn létí, ohùn rẹ̀ ti ń há.

Nígbà tí oòrùn dé àárín orí, ilé mẹ́fà wọ pápá, ilé kọ̀ọ̀kan tẹ̀ lé ẹgbẹ́ tirẹ̀ bí ẹni tó ń sin ìyàwó. Wọ́n tẹ́ ẹní, wọ́n gbé oúnjẹ sílẹ̀. Bí jùjú bá kọ, ilé tó gbà á á dìde. Bí kónkómà bá kọ, tiwọn náà á dìde. Òkè gba orin, ó dá a padà, àwọn ọmọ kékeré náà sì ń kọ ọ́ tẹ̀ lé òkè. Ọkùnrin kúkúrú olórí kónkómà náà ti yí orin rẹ̀ padà: òkè wọn ga, àpò wọn sì jìn bí odò.

Àfi àwọn ará ilé Ògúndípẹ̀ nìkan. Wọ́n dúró lẹ́bàá pápá, ọwọ́ wọn rọ̀, wọn kò mọ ẹní ẹni tí wọn ì bá jókòó sí.

“Ṣé àwa la ó máa yọjú wo ẹgbẹ́ onílé báyìí?” ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ bi í. “Bàbá, ẹ wá nǹkan ṣe.”

Gíráàmù náà wà lórí tábìlì nídìí ọ̀dán, wọ́n ti yí i, ó ń kọ. Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ.

Ògúndípẹ̀ rọra rìn dé ọ̀dọ̀ Fẹ́yìsayọ̀, tó jókòó tó ń jẹ iyán àkọ́kọ́ tó fẹnu kàn láti àárọ̀.

“Ìyá Tóyìn, ó ku ẹgbẹ́ mélòó?”

“Ó tán, Alága. Mẹ́fà ni.”

“Kí ló dé tí o kò mú ọ̀kan wá sẹ́nu ọ̀nà tèmi?”

“Ẹ̀yin lẹ ní tiyín,” Fàsílátù fi ẹnu mú un. “Ẹ yí i dáadáa, kó pe orúkọ ìyá yín.”

Ọkùnrin náà kò bínú. Ó wo ilẹ̀. Ojú rẹ̀ dà bí ojú ọmọ tí wọ́n pín ẹran tí kò kàn. Fẹ́yìsayọ̀ wò ó, ó ti iyán sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó fọ ọwọ́.

“Alága, ẹ máa lọ sílé. Ẹ lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yín bí ẹni tí kò retí ẹnikẹ́ni.”

Ó gbé igbá kan, Fàsílátù mú ìgò àti ṣíbí, àwọn obìnrin tó ń gbè é láti ìpàdé ọjọ́ kìíní tẹ̀ lé wọn. Wọn kò ní fèrè, wọn kò ní gìtá. Ohùn Fẹ́yìsayọ̀ ti há, bí yanrìn ló ṣe ń jáde. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà Ògúndípẹ̀, ó dá orin ìyá ọkùnrin náà, Oyèṣọlá, tó ń fi orí ru iyọ̀ láti ìsàlẹ̀ gun òkè nígbà tí iyọ̀ ṣọ̀wọ́n:

Oyèṣọlá tó gbé iyọ̀ gòkè,
iyọ̀ dùn.
Kò jẹ́ ká jẹ ọbẹ̀ àtẹ́,
iyọ̀ dùn.
Ó bù fún olówó, ó bù fún aláìní,
iyọ̀ dùn.

Ògúndípẹ̀ dúró gbọin. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ṣí ẹnu, “iyọ̀ dùn” jáde níbẹ̀ pẹ̀lú tiwọn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, ó bọ́ fìlà rẹ̀ sílẹ̀, ó ń jó, ijó burúkú kan báyìí tí ẹsẹ̀ kan kò mọ ohun tí èkejì ń ṣe. Àwọn ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó fẹ́ náwó, Fẹ́yìsayọ̀ mi orí.

“Alága, ẹ ò jẹ mí lówó. Ọjọ́ orin ni mo ń bi yín.”

“Tìrẹ ni,” ó wí, èémí rẹ̀ ń já. “Tìrẹ ni, lọ́dọọdún. Mo ti sọ ọ́ níwájú àwọn ìyàwó mi, kò sí ibi tí mo fẹ́ gbà.” Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. “Ṣùgbọ́n jọ̀ọ́, Ìyá Tóyìn.”

“Kí ni, Alága?”

“Tún orúkọ rẹ̀ pè.”

Ó tún un pè.